Àwo tí Sting fi dá dúró ní 1985: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta béèsì, tiyín rèé

Ẹ jẹ́ n má fọ̀rọ̀ falẹ̀. Tó bá jẹ́ béèsì, ìyẹn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, lẹ̀ ń ta, tó sì ti ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ bọ́ síwájú kẹ́ ẹ máa kọ orin tara yín, àwo tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó tì ni The Dream of the Blue Turtles, èyí tí Sting, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta béèsì tó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ The Police tẹ́lẹ̀, dá gbé jáde ní oṣù kẹfà 1985. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín mọ Sting, ẹ mọ orin ẹ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n máa ń fi sórí rédíò lálẹ́, àmọ́ àwo yìí gan-an, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tó ti fara balẹ̀ gbọ́ ọ láàárín àwa tá à ń ta béèsì níbí ò pọ̀, ó sì ń dùn mí, torí gbogbo ìbéèrè tá a máa ń bi ara wa lẹ́yìn ìdánrawò, pé ṣé ẹni tó ń ta béèsì lè di olórin tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀, ṣé mo gbọ́dọ̀ máa ta á lọ bí mo ṣe ń kọrin, àwọn wo ni kí n kó sẹ́yìn ara mi, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú àwo yẹn. Orin mẹ́wàá péré ni, kò ju bí ìṣẹ́jú 41 lọ.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Màá sọ ibi tí ẹyọ kan tó kù gbà lọ tá a bá débẹ̀.

Ohun tó máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu ni pé Sting ò ta béèsì nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọkùnrin tó jẹ́ pé béèsì ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ nínú Walking on the Moon, orin The Police, tó jẹ́ pé béèsì la fi mọ̀ ọ́n, nígbà tó máa ṣe tiẹ̀, gìtá ló gbé kọ́rùn, ó wá lọ pe ọmọkùnrin ará Chicago kan tó ń jẹ́ Darryl Jones pé kó wá bá òun ta béèsì. Orin kan ṣoṣo ló ti tọwọ́ bọ iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀, ìyẹn Moon over Bourbon Street, ibẹ̀ náà kì í ṣe béèsì oníná, béèsì ńlá onígi tí wọ́n máa ń gbé nàró ló lò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn inú mi ò dùn, mo rò pé ó ti sá fún iṣẹ́ ẹ̀ ni, àmọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ sí i ló ń yé mi pé ìpinnu yẹn gan-an ló gbé àwo náà ró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbìyànjú ẹ̀ rí mọ nǹkan tí mò ń sọ. Tọ́wọ́ bá ń ta béèsì tẹ́nu sì ń kọrin, ọwọ́ ló máa ń darí ẹnu, ibi tí ìka bá já sí ni ọ̀rọ̀ náà á fẹ́ já sí, ohùn ò ní ráyè ṣeré. Sting ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ pẹ̀lú The Police, ó sì mọ ọ̀nà tó gbà, ó máa ń kọ orin tó bá ọwọ́ ẹ̀ mu: béèsì tí àlàfo pọ̀ nínú ẹ̀ bíi ti réégè, ohùn á wá máa gba inú àlàfo yẹn kọjá. Ẹ lọ gbọ́ Walking on the Moon yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, béèsì sọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ohùn bọ́ sí i, béèsì tún sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ okùn tó dè é náà ni, torí tó bá jẹ́ gbogbo orin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ló gbọ́dọ̀ ní àlàfo níbi tọ́wọ́ yín ti sinmi, ó níye irú orin tẹ́ ẹ lè kọ. Ìgbà tó gbé béèsì fún Darryl Jones ni ohùn ẹ̀ bọ́. Nínú If You Love Somebody Set Them Free, orin àkọ́kọ́ lórí àwo, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, tó tún sáré ṣíwájú ìlù díẹ̀, tó ń ju gbólóhùn sí ibi tó wù ú, ìsàlẹ̀ sì dúró gbọin-gbọin, kò mì.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tó ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tó kàn wá jù wà. Gordon Sumner lorúkọ ẹ̀, wọ́n bí i ní 1951 ní Wallsend, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Newcastle lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Tíṣà ọmọ kéékèèké ni nígbà kan, ó ń kọ́ wọn lójúmọmọ, tó bá dalẹ́ a lọ ta béèsì fún àwọn ẹgbẹ́ onijáàsì, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ tó wà nígbà yẹn ni Last Exit. Ní 1977 ló lọ sí London tóun àti Stewart Copeland tó ń lu ìlù bẹ̀rẹ̀ The Police, Andy Summers tó ń ta gìtá wá bá wọn. Àwo márùn-ún ni wọ́n ṣe láàárín 1978 sí 1983. Ní 1983 yẹn Every Breath You Take wà nípò kìíní l'Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n ta orin ní Shea Stadium ní New York, kò sí ẹgbẹ́ olórin tó lórúkọ jù wọ́n lọ lákòókò yẹn tàbí kó jẹ́ díẹ̀ báyìí. Orí òkè téńté yẹn ló ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan máa ń ka ìyẹn sí ìgboyà, ìgboyà ni lóòótọ́, àmọ́ ó ní nǹkan mìíì tó gbójú lé tí ọ̀pọ̀ wa ò ní.

Nǹkan náà ni pé ó ti ń kọ orin sílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Nínú The Police, òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin tó gbà wọ́n láyé. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í rèé, a máa ń rò pé torí pé ọwọ́ wa já fáfá, pé à ń ta béèsì fún àwọn ọ̀gá olórin káàkiri, tá a bá ti bọ́ síwájú àwọn èèyàn á tẹ̀ lé wa. Ọwọ́ tó já fáfá máa fún yín ní òde, kò lè fún yín ní orin. Ẹ wo Every Breath You Take yẹn náà: gìtá tí Andy Summers ta nínú ẹ̀, bí wọ́n bá yọ gbogbo ohùn kúrò, ẹ ṣì máa mọ̀ pé orin yẹn ni. Síbẹ̀ Sting nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó kọ orin náà, nígbà tí Puff Daddy, olórin ráàpù, wá mú gìtá yẹn gan-an lò ní 1997 fún I'll Be Missing You, ọ̀dọ̀ Sting lowó ẹni tó kọ orin gbà lọ. Summers ò fi bò rárá pé ọ̀rọ̀ yẹn dun òun. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé owó òde ni wọ́n ń ka sí yín lọ́wọ́ lálẹ́ tó sì parí síbẹ̀, ẹ ronú sí i dáadáa.

Ó dáa, ká padà sórí àwo.

Níbẹ̀rẹ̀ 1985 ló lọ kó àwọn ọ̀dọ́ onijáàsì jọ ní New York. Branford Marsalis ń fọn sakisofóònù, Kenny Kirkland wà nídìí dùrù àti kíbọ́ọ̀dù, Omar Hakim tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onijáàsì Weather Report ń lu ìlù, Dolette McDonald àti Janice Pendarvis ń gbè é. Darryl Jones, ọmọ ọdún 23 péré ni nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ Miles Davis, ọ̀gá onijáàsì, ló ti ń bọ̀. (Ẹ tún gbọ́ kékeré kan: Darryl yẹn náà ló mú Sting lọ bá Miles ní situdíò, ni Miles bá ní kó sọ̀rọ̀ lédè Faransé bí ọlọ́pàá nínú àwo You're Under Arrest, ohùn Sting lẹ̀ ń gbọ́ níbẹ̀.) Branford àti Kirkland, inú ẹgbẹ́ Wynton Marsalis tó jẹ́ àbúrò Branford ni wọ́n ti kúrò, inú sì bí Wynton gidi gan-an pé wọ́n fi jáàsì sílẹ̀ wọ́n tẹ̀ lé olórin pọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ náà ò tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú bó ṣe yan àwọn èèyàn yẹn ni pé kò wá àwọn tó kéré sí i. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ẹni tó ń ta béèsì bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó máa ń wá ẹlẹ́gbẹ́ tí kò ní bò ó mọ́lẹ̀, ó sì máa ń wá béèsì tí kò ní dáa tó tiẹ̀. Sting lọ mú ọmọdé tó mọ béèsì ta jù ú lọ. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, mo sì dúró lé e. Darryl Jones yẹn ló wá padà di ẹni tó ń ta béèsì fún The Rolling Stones láti àwọn ọdún 1990 lẹ́yìn tí Bill Wyman tó ń ta béèsì fún wọn tẹ́lẹ̀ kúrò, títí di bá a ṣe ń wí yìí.

Kí wọ́n tó wọ situdíò rárá, wọ́n ti ta àwọn orin yẹn níwájú èrò ní gbọ̀ngàn Ritz ní New York ní oṣù kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá lọ sí Barbados, situdíò Eddy Grant tí wọ́n ń pè ní Blue Wave. Eddy Grant tẹ́ ẹ mọ̀ náà ni o, Gimme Hope Jo'anna. Wọ́n tún ṣe lára iṣẹ́ náà ní Le Studio ní Quebec, Kánádà. Sting àti Pete Smith ni wọ́n jọ darí ẹ̀.

Báyìí, orin ọ̀hún. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ẹ̀ bákan náà torí gbogbo ẹ̀ ò dọ́gba.

Mo ti mẹ́nu kan ti àkọ́kọ́, èyí tó gorí dé ipò kẹta l'Amẹ́ríkà. Èsì lórin yẹn jẹ́ sí Every Breath You Take, Sting fúnra ẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀: èyí ti àtijọ́, ọkùnrin kan ló ń ṣọ́ obìnrin tọ̀sán tòru, èyí tuntun yìí, ó ní tẹ́ ẹ bá nífẹ̀ẹ́ èèyàn ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà tó dáa nìyẹn láti bẹ̀rẹ̀ àwo téèyàn fi kúrò nínú ẹgbẹ́? Kò bú àwọn tó fi sílẹ̀, orin ẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ló bá jiyàn. Ẹ fetí sí béèsì Darryl níbẹ̀, kò pọ̀, á sọ gbólóhùn kúkúrú kan á wá fi àyè sílẹ̀, Omar Hakim á wọ inú àyè yẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e, Love Is the Seventh Wave, ọmọ réégè àti kàlípísò ni, ó tutù lára, nígbà tó fẹ́ parí Sting tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi Every Breath You Take yẹn ṣeré, ó ń yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Inú ẹ̀ ń dùn, ẹ máa gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀.

Russians ni mo máa ń fò. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà. Àsìkò tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn ló kọ ọ́, ohùn orin inú ẹ̀, Prokofiev tó jẹ́ ará Rọ́ṣíà ló yá a lọ́wọ́ ẹ̀, láti inú iṣẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Lieutenant Kijé, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe pàtàkì, ó tún un ṣe ní 2022 nígbà ogun Ukraine. Àmọ́ ó wúwo, ó ń wàásù, àwọn ọmọkùnrin tó kó jọ yẹn ò ríṣẹ́ ṣe nínú ẹ̀, béèsì tó lè jẹ́ kéèyàn mi orí ò sí níbẹ̀. Nígbà téèyàn bá ní Darryl Jones àti Omar Hakim nílé, tó wá jẹ́ ká máa gbọ́ agogo tó ń dún tìkì-tìkì, rárá o.

Children's Crusade dára jù ú lọ dáadáa. Òun náà wúwo, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdékùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kó lọ kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wá fi wé àwọn ọmọ tí oògùn olóró ń pa ní London lákòókò tiẹ̀, àmọ́ níbẹ̀ Branford gba sakisofóònù, ó fọn ún débi pé ẹ ò ní nílò ìwàásù kankan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Shadows in the Rain. Orin The Police ni tẹ́lẹ̀, ó wà nínú Zenyatta Mondatta ti 1980, níbẹ̀ ó ń wọ́ nílẹ̀, ó rí bíi ti ẹni tó ń lá àlá. Tuntun yìí, ìlù Omar Hakim ló já lu yín, ẹ wá gbọ́ ohùn Branford tó ń pariwo pé kíì wo (ìyẹn ohùn tí orin fi ṣe ilé) lorin yìí wà, ẹ dúró ná, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, wọ́n ti lọ. Wọn ò yọ ọ́ kúrò nínú àwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣeré ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ irú ìdààmú yẹn, kí olórin gbé orin láìsọ kíì fún ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ wá máa wá a kiri lórí fíríìtì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn gìtá. Béèsì Darryl nínú ẹ̀ ń rìn, ìrìn onijáàsì gidi, ó ń sáré kò sì jábọ́, Kirkland wá bọ́ sí i pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù, ó gbóná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọkùnrin yẹn lè ṣe tí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀, orin yẹn lẹ máa gbọ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì àwo ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú We Work the Black Seam, ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà èédú tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1984 sí 1985. Àgbègbè tiẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wa èédú, ẹ sì máa mọ̀ pé ó dùn ún. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ló ń yí po yí po nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó gùn díẹ̀ fún mi.

Consider Me Gone wá ńkọ́. Áà. Òun ni mo ń torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Béèsì ló ń rìn níwájú, ó ń rọra, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ò ní ibi tó ń kánjú lọ, Omar Hakim ò lu ju ohun tó yẹ lọ, Kirkland kàn ń fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù níbi kan níbi kan, gìtá Sting fúnra ẹ̀ ò ju kó máa gé kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí wọ́n jọ ta pọ̀, wẹ́wẹ́ sáàárín wọn. Ohùn ẹ̀ wá jókòó lórí gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kó ẹrù ẹ̀ kúrò ni, ó yá díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́wọ́ Shakespeare, ewì 35 nínú àwọn sonnet ẹ̀, ibi tó ti sọ̀rọ̀ òdòdó tó ní ẹ̀gún. Tẹ́ ẹ bá mú gìtá kúrò, ẹ mú kíbọ́ọ̀dù kúrò, orin yẹn á ṣì dúró pẹ̀lú béèsì àti ohùn nìkan. Mo ti dán an wò, mo ta béèsì yẹn lásán, ẹnìkejì mi kọ ọ́ lé e, kò sí nǹkan tó sọ nù. Níbẹ̀ lẹ máa rí i pé ẹni tó ń ta béèsì ló kọ orin náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíì ló wà lórí okùn. Ó gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àwọn tó ń kọ orin látorí gìtá máa ń to kọ́ọ̀dù kí wọ́n tó wá béèsì tó máa tẹ̀ lé e, tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Orin tí wọ́n fi sọ àwo lórúkọ, díẹ̀ ló fi ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò lọ́rọ̀ ẹnu, jáàsì tí wọ́n fi ń dára yá ni.

Moon over Bourbon Street, ìyẹn èyí tí Sting ti ta béèsì onígi. Inú ìwé Anne Rice nípa àwọn iwin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ti rí i, New Orleans ló ti ṣẹlẹ̀, ìlú ti Branford, sakisofóònù ẹ̀ níbẹ̀ dà bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ ilé. Béèsì yẹn ò le rárá, ohùn mélòó kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa lè ta á. Mo fẹ́ràn pé kò gbìyànjú láti fi han Darryl pé òun náà mọ̀ ọ́n ta.

Fortress Around Your Heart ló parí ẹ̀, ó dé ipò kẹjọ l'Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ orin náà ò dúró sójú kan, kíì ń yí mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ ibi tí ilé wà, àfìgbà tí ègbè bá dé tí gbogbo ẹ̀ wá balẹ̀, béèsì gúnlẹ̀, ìlù lé e, ẹ ó sì rí i pé ẹ ti ń kọ ọ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àwọn tó ń tẹ́tí sí i lórí rédíò ò mọ̀ pé nǹkan tó le ni wọ́n ń kọ lẹ́nu yẹn. Ó le láti ṣe o, mo ti rí àwọn olórin tó dáńgájíá tí wọ́n gbé e tí wọ́n sì sọnù láàárín ẹsẹ̀ kejì.

Ẹyọ kan tí mo yọ ńkọ́? Mo yọ ọ́ torí pé wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ tó. Yàtọ̀ sí Shadows in the Rain, ẹ máa gbọ́ Kirkland tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, orin á ti parí. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan níbẹ̀ náà ti gba ọjọ́ orí, ohùn 1985 ni, ó tutù, ó ń dán bíi páànù. Ìwàásù náà sì pọ̀, Russians, Children's Crusade, Black Seam, mẹ́ta nínú mẹ́wàá, èèyàn tó kọ Consider Me Gone ò nílò kó máa nàka sí wa tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn bá ká lára bíi tèmi, kó lọ gbọ́ Bring On the Night, àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo tó jáde ní 1986. Ẹgbẹ́ kan náà, orin kan náà pẹ̀lú àwọn ti The Police láàárín ẹ̀, àmọ́ níbẹ̀ wọ́n fún Kirkland láyè, sólò, ìyẹn èyí tó dá ta, nínú orin tó bẹ̀rẹ̀ àwo yẹn, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ nínú àwo pọ́ọ̀pù míì. Ó gba Grammy fún Sting ní 1988. Kirkland kú ní 1998, kò tíì darúgbó rárá, gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ sólò yẹn ló máa ń ká mi lára. Fíìmù kan náà wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, Michael Apted ló ṣe é, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánrawò nínú ààfin kan nílẹ̀ Faransé hàn, ẹ máa rí Sting tó ń bá wọn jiyàn, tó ń kọ́ wọn, táwọn náà ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ, apá ìdánrawò yẹn wúlò ju orin ẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé kí gbogbo wa lọ gbé béèsì sílẹ̀ o. Sting fúnra ẹ̀ padà sídìí béèsì nínú ...Nothing Like the Sun ní 1987, kò sì tíì gbé e sílẹ̀ láti ìgbà yẹn, ní 2024 gan-an ó tún padà sí ẹni mẹ́ta lórí ìtàgé, òun, gìtá kan, ìlù kan. Àmọ́ mo rò pé tí kò bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé e fún ẹlòmíì ní 1985, kò ní mọ ohun tí ohùn ẹ̀ lè ṣe láìsí béèsì lọ́wọ́, ó sì hàn nínú bó ṣe wá ń kọrin lẹ́yìn ìgbà yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ̀gbẹ́ ìlù ni wọ́n máa ń tò wá sí, nínú àpàlà agídìgbo ló ń ṣiṣẹ́ tí béèsì ń ṣe, ẹni tó jókòó tì í kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ẹgbẹ́. Ó ti mọ́ wa lára débi pé tí ẹnìkan nínú wa bá ní òun fẹ́ ṣe tiẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó fi béèsì kún gbogbo àyè inú orin, kó lè fi hàn pé òun dé, ó ń lù ú látàǹpàkò, ó ń ta sólò lórí ẹsẹ̀ orin, tẹ́ ẹ bá bi í pé kí lorin ẹ̀ ń sọ, kò sí. Ẹ gbọ́ Darryl Jones nínú àwo yìí, ẹ wo iye ìgbà tó dákẹ́.

Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ gbọ́ ọ, ó wà lórí YouTube, ó wà lórí Spotify àti Apple Music, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ, ẹnu fóònù ò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, ìdajì nǹkan tí mo ń sọ látàárọ̀ lẹ ò ní gbọ́ rárá, ẹ fi nǹkan tó dáa sétí. Ẹni tó bá ń ra àwo ńlá tókùnbọ̀, kó fa á yọ nínú páálí kó wo ẹ̀gbẹ́ kejì lábẹ́ iná dáadáa, torí ibẹ̀ ni Consider Me Gone àti Fortress wà, ibẹ̀ lẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà á ti máa gbọ́ jù, ibẹ̀ ló sì máa ń ha jù. Orin keje ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìkẹwàá, ẹ wá padà sí ìkíní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lọ tààrà. Ẹni tó bá ti ń ta Fortress níbi kankan tó sì ti rí ọ̀nà tó rọrùn láti fi mú ẹsẹ̀ yẹn wọ ègbè, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.